Ògiri Tó Wà Láàárín Ọmọ Ìyá Méjì

Ọkùnrin kan wà ní etí òkun ilẹ̀ Kòríà, Maeng ni wọ́n ń pè é. Títún ọkọ̀ apẹja ṣe ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń kan ọkọ̀ òkun ńláńlá, wọ́n ń kọ́ ilé, wọ́n ń kọ́ afárá, títí kò fi sí èbúté tí wọn kò ti mọ orúkọ Maeng. Ó kú láìsọ ẹni tí yóò jókòó sórí àga òun.

Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wọ́ ara wọn lọ sí kóòtù. Adájọ́ pín ilé iṣẹ́ náà: ẹ̀gbọ́n mú ilé kíkọ́, àbúrò mú ọkọ̀ kíkàn. Orúkọ bàbá wọn wà lára méjèèjì. Wọ́n mọ ògiri sáàárín ọgbà tó ti jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé irin sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Lọ́jọ́ kan, irin ńlá já bọ́ lọ́dọ̀ àbúrò, ó mú jórinjórin kan mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá! Èèyàn wà lábẹ́ irin!"

Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí lọ́yà mi kọ́kọ́ bá lọ́yà wọn sọ̀rọ̀."

Kí ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà tó parí, ẹsẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n gé e.

Ìyá tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ sí ọsibítù. Arúgbó náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Jórinjórin náà ní, "Ìyá, ẹ dìde. Èwo nínú ọmọ yín lẹ wá bá bẹ̀bẹ̀?"

Ìyá fi etí aṣọ bo ojú. Àwọn ọmọ méjèèjì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀. Àbúrò, tó ti di èébú sẹ́nu láti ilé, kò rí i bú mọ́. Òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n mọ ògiri yẹn.

Ilé iṣẹ́ méjèèjì kò padà di ọ̀kan. Wọ́n kàn dá ilẹ̀kùn sára ògiri, wọn kì í sì í tì í. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ni jórinjórin yẹn fi ń tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ìwọ ńkọ́, Adéṣọpẹ́? Mi ò ní kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ tún da ọjà pọ̀. Ẹ ti pín in, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ rọbí lánàá, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn rẹ. Mọ́tò rẹ wà lójúde, o ní kí wọ́n lọ wá ti ẹlòmíì.

Ìyá yín ló rán mi. Ó ní òun ì bá wá fúnra òun, ojú ló ń ti òun láti gba àdúgbò yín kọjá.