Bí Ràkúnmí Ṣe Pàdánù Pátákò Rẹ̀ ní Àlàpà Ìdíkànga

Láéláé, kí yanrìn tó gba aṣálẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, pátákò ràkúnmí le ju ti ẹṣin lọ. Bó bá ń rìn lórí òkúta, kò-kò-kò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún, ó sì fẹ́ràn kí gbogbo ayé gbọ́ pé òun ló ń bọ̀.

Obìnrin oníyọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìdíkànga, láàrin aṣálẹ̀, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún méje ní ọjà òkèèrè. Nígbà tó yá, àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó gun ràkúnmí rẹ̀, ó kọrí sílé.

Wọ́n dé ní ìyálẹ̀ta. Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu odi, ó ké: "Ẹ kú ilé o!"

Kò sẹ́ni tó ní "káàbọ̀."

Nígbà tó wọ inú ìlú, ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé. Gbogbo ilé ti wó tán. Yanrìn ti kún yàrá dé ojú fèrèsé. Òun àti ràkúnmí ń rìn láàrin àwọn àlàpà, ó ń nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ilé alágbẹ̀dẹ nìyí. Ilé onídìrí nìyẹn. Ilé wa..." Ògiri kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Àwẹ̀ró káwọ́ lérí. "Yéè! Àbí mo ṣìnà ni?"

Alángbá yọ orí láti inú ògiri tó sán. "Ẹ ò ṣìnà, ìyá. Kànga ló gbẹ. Gbogbo wọn ti kó lọ sí gúúsù."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n gbé wọn lé. Wọ́n ń sunkún pé ọmọ àwọn á dé, kò ní bá ẹnì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra rìn o. Ògiri yìí ò lágbára mọ́."

Ràkúnmí yínmú. "Èmi ni kí n rọra rìn?"

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ gba inú ihò ògiri kọjá, ó hu bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Jìnnìjìnnì bo ràkúnmí. Ó ta pọ́ún, ó ń fi pátákò lu ilẹ̀ kò-kò-kò-kò. Gìrììì! Ògiri ya lu Àwẹ̀ró.

Eruku sọ.

"Àwẹ̀ró?" ni ràkúnmí wí.

Ohùn tín-ín-rín dáhùn lábẹ́ òkúta: "Mo wà níbí. Mi ò lè mí dáadáa."

"Ẹsẹ̀ mi fẹ́ pa á o!" ni ràkúnmí ké.

"Kò tíì kú," ni alángbá pariwo. "Wà á jáde!"

Ràkúnmí kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkúta. Oòrùn ń jó o lẹ́yìn. Alángbá ń gba ihò wọlé, ó ń jáde, ó ń júwe: "Ọwọ́ òsì! Orí wọn wà níhìn-ín, rọra!" Pátákò sán, ó ń wa ilẹ̀. Pátákò ya, ó ṣì ń wa ilẹ̀. Eékún rẹ̀ bó. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọwọ́ Àwẹ̀ró yọ. Ó di ọrùn ràkúnmí mú, ràkúnmí sì fà á jáde.

Àwẹ̀ró nu yanrìn lójú. "Pátákò rẹ dà?"

"Mo ti lò ó tán."

Àwẹ̀ró kò bá a wí. Ó fa ìborùn rẹ̀ ya, ó fi di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, ó sì fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé gúúsù.

Níbẹ̀, ìyá arúgbó kan ń fẹ́ ọkà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Àfi bí òjìji ṣe dédé bò ó. Ó gbójú sókè, atẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró!"

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ràkúnmí ti fẹ̀, tó rọ̀ bí ìrọ̀rí, tí eékún rẹ̀ sì yi bí awọ gbígbẹ. Ó lè gba àárín àlàpà kọjá lónìí, òkúta kan ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rìn níbẹ̀.