Èèkù Ọ̀bẹ Ògúnjìmí

Òkìkí Ògúnjìmí kàn ní Òdò-Agbá ju ti baálẹ̀ lọ, ọ̀bẹ ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ o. Kò ní ẹwìrì, kò ní owú. Òkúta pẹlẹbẹ kan àti ìkòkò omi ló fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ọdán iwájú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, irun apá ló ń fá. Ládògbà alápatà a fi kun màlúù mẹ́ta kó tó tún gbé e padà wá. Bí èèkù ọ̀bẹ kan bá jẹrà, Ògúnjìmí náà ni yóò gbẹ́ tuntun sí i, yóò fi epo pa á, yóò sì fà á lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́ bí ẹni ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́.

Ọ̀bẹ kan péré ló fi ń gbẹ́ gbogbo èèkù wọ̀nyí, ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jogún lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ṣáṣá, ó ń dán. Èèkù rẹ̀ ńkọ́? Ìtìjú ni. Igi náà ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, òwú ni Ògúnjìmí fi ń dì í, bí òwú kan bá já, a fi òmíràn lé e. Fọ́yèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kì í rí ọ̀bẹ náà kó má sọ̀rọ̀.

“Baba Ẹfúnwùmí, gbogbo ìlú lẹ ń gbẹ́ èèkù fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pààrọ̀ tiyín.”

“Ọ̀bẹ wo ni kí n fi gbẹ́ ẹ? Ṣé èyí tí o fi ń bẹ iṣu?”

“Ẹ pọ́n ọ̀kan fún mi bí ẹ ṣe ń pọ́n ti àwọn ará ìta. Èmi á gbẹ́ ẹ.”

Ọkùnrin náà a bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ kẹ̀? Ọ̀bẹ baba mi kò mọ ọwọ́ obìnrin. Lọ wo ọbẹ̀ rẹ níná.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rín gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín. Ṣáájú kí ó tó di gbajúmọ̀, olúkúlùkù ló ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ nílé ara rẹ̀. Bí ó bá wá rí obìnrin tó jókòó ti òkúta, a dúró, a ní, “Ìyá, ṣé ọ̀bẹ lẹ ń pọ́n ni àbí ìdí ìkòkò lẹ ń ha?” Ojú a ti obìnrin náà. Nígbà tó yá, òkúta ìpọ́nbẹ di ohun tí àwọn ewúrẹ́ ń dùbúlẹ̀ sí ní Òdò-Agbá, gbogbo ọ̀bẹ ìlú sì di ti Ògúnjìmí láti pọ́n.

Òótọ́ kan sì wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ tí àwọn èèyàn bá pọ́n fúnra wọn a mú láàárọ̀, a sì kú kí oòrùn tó kàn tàrí. Ti Ògúnjìmí kì í kú bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti pọ́n ọ̀bẹ lójú gbogbo ayé tán, a gbé e wọ yàrá, a sì ti ilẹ̀kùn. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní ọfọ̀ ló ń pè sí i. Fọ́yèkẹ́ tó ti bá a gbé fún ọdún mẹ́tàlélógún kò mọ̀ ju ará ìta lọ, ó sì ń dùn ún. Ilẹ̀kùn tí ọkọ ẹni ń tì mọ́ ẹni lójoojúmọ́, èèyàn kì í fi ojú fò ó.

Ní ọdún kan, eéwo yọ sí Ògúnjìmí lẹ́yìn, láàárín ejìká méjèèjì, níbi tí ọwọ́ ẹni kì í dé. Ó ní kékeré ni. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹtàlá, ibà ti mú un, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ń kérora. Kò sì sí ọ̀bẹ aráàlú kankan tó tún mú ní Òdò-Agbá. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ ya ilá, Ládògbà sì ń fa ẹran tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun bí ẹni ń bá ajá jà.

Fọ́yèkẹ́ ránṣẹ́ sí Ìyá Abọ́dẹrìn, arúgbó tó ń tọ́jú egbò. Ìyá náà fi ọwọ́ tẹ eéwo náà yíká, ó sì fa Fọ́yèkẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ọyún yìí ti jìn, awọ ojú rẹ̀ sì ti yi. Ọ̀bẹ tó kú yóò kàn ti ọyún náà padà sínú ni. Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú ni ẹ ó fi là á, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; èyí tó bá fẹ̀ yóò ya ẹran ara rẹ̀ ni. Ojú mi ò ríran mọ́, ìwọ ni kí o là á. Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ: bí oòrùn òní bá wọ̀ bá ọyún yìí nínú ara ọkọ rẹ, kò ní í jí.”

Síbẹ̀, ọkàn Fọ́yèkẹ́ balẹ̀ díẹ̀. Ṣebí ọ̀bẹ tó mú jù nílùú wà nínú ilé wọn. Ó yọ ọ́ nínú àkọ̀, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀.

“Gbé e fún mi,” ni Ògúnjìmí wí.

“Baba Ẹfúnwùmí, ẹ̀yìn yín ni. Ẹ ò lè rí i.”

“Mo ní kí o gbé e fún mi! N ó là á fúnra mi.”

Ó já ọ̀bẹ náà gbà. Ó na ọwọ́ gba orí ejìká, kò dé ibẹ̀. Ó tún un nà, ó fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, èèkù tó ti sán náà sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irin lásán ló bọ́ sórí ẹní, ìdí rẹ̀ tínrín bí ìrù eku.

Fọ́yèkẹ́ fi aṣọ wé irin náà, ó gbìyànjú. Irin náà yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì wọ eéwo. Ládògbà sáré dé pẹ̀lú ọ̀bẹ mẹ́ta, ó ní kí àwọn yára gbẹ́ èèkù tuntun. Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ yọ̀ lórí igi. Èkejì náà yọ̀. Ó fi ẹ̀kẹta ha òkúta Ògúnjìmí, ó bẹ igi náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

“Ìyá Ẹfúnwùmí,” ni Ládògbà wí, ó ń wo irin tó wà lórí ẹní, “èyí tó lè gbẹ́ igi yìí rè é.”

Gbogbo wọn rí i pé èyí tó lè gbẹ́ ẹ náà ni èyí tí kò lẹ́èkù.

Ògúnjìmí ní kí wọ́n gbé igi àti irin náà wá. Wọ́n gbé e jókòó. Ọkùnrin tó ti gbẹ́ èèkù fún gbogbo ìlú fi ìka mẹ́ta di irin lásán mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Irin náà yí, ó sì wọ ìka rẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún yí. Ẹ̀jẹ̀ kún orí igi, kò sí ojú gbígbẹ́ kan lára rẹ̀. Nígbà náà ló jù ú sílẹ̀ tó sì sunkún, ohun tí Fọ́yèkẹ́ kò rí rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

“Fọ́yèkẹ́, awọ kan ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Bí òkúta bá pọ́n ọ̀bẹ tán, ẹnu rẹ̀ a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú kò lè rí i. Ìdí tó fi ń tètè kú nìyẹn. Fi epo àti eérú pa awọ náà. Fa ọ̀bẹ sẹ́yìn lórí rẹ̀, má tì í síwájú. Lọ́tùn-ún, lósì, ní ogún ìgbà.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Ó tán.”

Fọ́yèkẹ́ wò ó. Ọdún mẹ́tàlélógún tó fi ti ilẹ̀kùn, awọ àti eérú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí i, àánú ọkùnrin náà sì ṣe é, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sọ. Ó dìde.

Ó pọ́n ọ̀bẹ ìbẹṣu rẹ̀ lórí òkúta, ó fà á lórí awọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe wí, ó sì gbé e lé igi. Ọ̀bẹ náà fẹ̀ jù fún eéwo, ṣùgbọ́n ó wọ igi láìjanpata. Ládògbà di igi mú, Fọ́yèkẹ́ ń gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń kán, oòrùn ń lọ sẹ́yìn àwọn igi ọ̀pẹ. Wọ́n fi iná mú ìdí irin náà gbóná, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú igi, wọ́n rẹ ẹ́ sómi. Ó dúró ṣinṣin. Fọ́yèkẹ́ gbé ọ̀bẹ sáré wọlé.

Ìyá Abọ́dẹrìn kò yíjú sí i. Ògúnjìmí ti padà dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì mì mọ́.

“Ó ti lọ, ọmọ mi. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá o ti gbẹ́ ẹ tán.”

Wọ́n sin Ògúnjìmí. Ní ọjọ́ kẹjọ, Fọ́yèkẹ́ gbé òkúta jáde sábẹ́ igi ọdán, ó gbé awọ náà kọ́ sára igi níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, ó sì ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dé. Ilé kọ̀ọ̀kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ ara rẹ̀. Kò sí èyí tó tu obìnrin náà nínú. Bí àlejò bá béèrè pé báwo ni ọ̀gá àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ ṣe kú fún àìrí ọ̀bẹ lò, a yọ ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ náà nínú àkọ̀, a fi èèkù rẹ̀ hàn án, ojú ẹ̀jẹ̀ kò tíì ṣí kúrò lára igi náà. Èsì tó ń fún wọn kò yí padà, òun náà ló sì bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà títí di òní pé: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.