Wàrà Tí Àwẹ̀ró Fi Iná Líle Sè

Ní abúlé Àgbọ̀nlé, níbi tí pápá ti tẹ́ lọ bẹẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ òkè, Àwẹ̀ró ń gbé pẹ̀lú Ayọ̀ká, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé ọkọ ni Ayọ̀ká wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti bí ọmọ kan tí kò ké rárá. Nígbà tí ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, á máa wo ọyẹ́ bí ó ti ń rọra kọjá lórí koríko, àfi bí ẹni pé òun náà ń bá a lọ. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Kí ni ojú rẹ rí níbẹ̀?" Àwẹ̀ró á bi í. "Sọ ọ́ fún mi. Mo ní kí o sọ ọ́."

Bí ó ti ń bi í tó ni Ayọ̀ká ń pa ẹnu dé tó.

Àwẹ̀ró rántí pé ọmọ òun fẹ́ràn wàrà. Ó lọ sí gáà, ó gba omi ọmú màlúù lọ́wọ́ Kúmbò, obìnrin Fúlàní tí wọ́n jọ dàgbà. Kúmbò fún un ní ewé bọmubọmu pẹ̀lú.

"Oje ewé yìí ni yóò mú un dì," ni ó wí. "Iná wẹ́rẹ́ ni kí o fi sí i, kí o sì mú sùúrù."

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ń kánjú. Ó kọ́kọ́ se ewé náà títí ó fi hó yàà, ó wá da omi rẹ̀ sínú omi ọmú. Ó dúró títí, kò dì. Ó fún oje tútù sí i, ó ki igi bọ ààrò, iná sọ lálá. Wàrà náà dì lóòótọ́, àmọ́ kí ó tó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ti gan bí awọ, ó sì korò. Ayọ̀ká fi eyín kàn án, ó gbé e sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Àwẹ̀ró jókòó ti ààrò, ó sunkún.

Ní ọjọ́ kejì Kúmbò gbé igbá omi ọmú mìíràn wá. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì mi orí.

"Ìyá Ayọ̀ká, ìyá mi àgbà sọ fún mi pé agbára inú oje yìí dà bí òwú tí a ká. Bí ó ṣe ká ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá mú un jù, á tú, kò sì sẹ́ni tó lè ká a padà bó ṣe wà. O ti pa á kó tó débi iṣẹ́."

Ó fi ẹ̀yín iná díẹ̀ sábẹ́ ìkòkò, ó fún oje sí i, wọ́n jókòó. Ooru wàrà ń gòkè, ó ń pàdé ọyẹ́, ojú kò mọ èyí yàtọ̀ sí èyí mọ́. Ayọ̀ká jáde wá, ó jókòó tì wọ́n. Àwẹ̀ró fẹ́ lanu, Kúmbò fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Àwẹ̀ró pa ẹnu rẹ̀ dé. Inú ìkòkò ń dì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ.

"Ọmọ mi ní irun lórí," Ayọ̀ká wí jẹ́jẹ́. "Ìyá mi, irun rẹ̀ dúdú. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e."

Àwẹ̀ró kò bi í ní nǹkan kan. Ó fà á mọ́ra, Ayọ̀ká sì sun ẹkún tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí. Nígbà tó dákẹ́, ó jẹ wàrà náà, ó rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bu sí i fún òun.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni àwọn obìnrin Àgbọ̀nlé ń sọ fún ara wọn, títí ó fi di òwe lẹ́nu gbogbo wa pé: Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.