Ohun Tó Ń Lé Láòyè

"Àgbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e." Ọ̀rọ̀ tí Jáíyéọlá fi máa ń ṣe Láòyè ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹ̀yẹ́ nìyẹn, nígbàkigbà tó bá tún ń di ẹrù lọ sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ní ìlú onílùú. Láòyè ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ti sáré nínú òtútù Jọ́ọ̀sì, ó ti sáré nínú òjò Kàlàbá.

"Ara líle ni mò ń lé," ni yóò wí, yóò sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé eré náà wá sí ìlú tiwọn. Tọmọdé tàgbà tò sẹ́bàá títì láti wo Láòyè. Ó ń sá bọ̀ dáadáa, àfi bó ṣe dé ìkóríta itẹ́ òkú tó dúró gbagidi, tó fọwọ́ bojú.

Jáíyéọlá sáré bá a. "Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ọmọ mi wà níbẹ̀ yẹn. Òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bá mi sin ín, mi ò lè jókòó sílé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Jáíyéọlá lọ́kàn. Ó bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó nà án bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó kọjú sí sàréè. Àwọn obìnrin tú ìborùn, wọ́n tò tẹ̀ lé e, títí aṣọ fi di ògiri.

"Máa kọjá, ọ̀rẹ́ mi. O ò ní rí i."

Láòyè sọ ọwọ́ kalẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rọra ń rìn kọjá lẹ́yìn aṣọ náà, bí ẹni tí ohunkóhun kò lé mọ́.