Oyèkànmí Fẹ́ Rojọ́ Ara Rẹ̀

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ Oyèkànmí, awakọ̀ takisí ní Ìkìrun, lára. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé òun ni gbogbo awakọ̀ ń pè láti bá wọn parí ìjà.

Nígbà tí ọlọ́pàá fẹ̀sùn eré àsápajúdé kan òun náà, tí ilé ẹjọ́ sì lè ní kí ó má wakọ̀ fún ọdún kan gbáko, Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ jẹ́ ká wá lọ́yà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Lọ́yà wo ló lẹ́nu tó mi?”

Ó wọ agbádá, ó dúró níwájú adájọ́. “Olúwa mi, irọ́ ni wọ́n ń pa! Láti oṣù tó kọjá tí bíréèkì mi ti bàjẹ́, jẹ́jẹ́ ni mò ń wa ọkọ̀.”

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ nu omijé ẹ̀rín nù. “Ẹ lọ wá lọ́yà, kí ẹ tó fi ẹnu yín rán ara yín lẹ́wọ̀n.”

Àrìnpé wá lọ́yà kan, obìnrin jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé kóòtù, lọ́yà gbà pé Oyèkànmí jẹ̀bi, ó ní wọ́n ti tún bíréèkì ṣe, ó sì bẹ̀bẹ̀ nítorí oúnjẹ àwọn ọmọ.

Adájọ́ bi Oyèkànmí pé, “Ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un?”

Àrìnpé di ojú. Oyèkànmí lanu, ó wo lọ́yà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu náà.

“Ẹjọ́ tó dára jù tí ẹ tíì rò nìyẹn,” ni adájọ́ wí.

Oṣù kan péré ni wọ́n ní kí ó má fi wakọ̀. Ẹsẹ̀ ni Oyèkànmí fi rìn lọ sílé, ó ń jó níwájú ìyàwó rẹ̀, kò sì sọ gbólóhùn kan.