Akọ̀pẹ Tí Orúnkún Rẹ̀ Kò Ká Mọ́

Ní abúlé kan tí ọ̀pẹ pọ̀ ju ènìyàn lọ, ọkùnrin akọ̀pẹ kan wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gun ọ̀pẹ, kó gé ìdì ẹyìn wálẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe epo. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ ni gbogbo abúlé fi mọ̀ ọ́n. Bó bá ti fi igbà, okùn tí akọ̀pẹ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, gòkè dé ọrùn ọ̀pẹ, orin ìyìn ni yóò máa kọ lákọtúnkọ. Ohùn rẹ̀ kò dùn rárá. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ létí odò a máa sọ pé bí Ọlọ́run bá lè fara da ohùn yìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò lè dárí jì. Ó ń gbọ́ wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi kún ariwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, igbà já mọ́ ọn nídìí. Láti òkè ọ̀pẹ ló ti ṣubú wá sílẹ̀. Àwọn tó sá lọ gbé e rò pé ó ti kú. Kò kú. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, ó sì pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa padà sílé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti gan. Orúnkún kò ká mọ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá sì ká, ìdí ọ̀pẹ ni ọ̀pẹ mọ fún un.

Ọkùnrin náà wá ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ látàárọ̀, ó kọjú sí ògiri, nítorí kò fẹ́ fi ojú kan ọ̀pẹ. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ní kí wọ́n gbàdúrà, ó ní, "Orí ọ̀pẹ tí mo ti ń yìn ín náà ni mo ti já bọ́. Kí ló kù tí mo fẹ́ bá a sọ?"

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá Ọlátẹ́jú. Èmi á máa gbàdúrà, ìwọ máa ṣe àmín."

"Mi ò ní ṣe àmín."

"Ṣáà má hanrun."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Àwẹ̀ró a máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń dúpẹ́ pé ọkọ òun wà láàyè, ó ń sọ fún un pé iyọ̀ ti ń tán nínú ilé, ó ń sunkún díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ wá iṣẹ́ fún ọkọ òun, torí ó ti ń kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀. "Àmín" ti bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà kó tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tó ti rí àga jókòó kì í tètè dìde. Ìbátan ọkùnrin yìí kan wá kí i. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló ń gun àwọn ọ̀pẹ tí ìwọ ń gùn tẹ́lẹ̀?"

"Láníyì ni."

"O ò wá rí i? Igbà kì í ṣàdédé já. Ẹnì kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ibi tí a lè lọ tí wọ́n á fi ojú rẹ̀ hàn wá, tí a ó sì ṣe tirẹ̀ fún un."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára. Ó ti pẹ́ tó ti ń bínú sí ògiri. Ó dùn mọ́ ọn láti rí ènìyàn bínú sí. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún mi pé igbà náà ti gbó?" ló bi í. "Ta ló ní tí ọjọ́ ọjà bá kò, òun á wá nǹkan ṣe sí i, tí ọjọ́ ọjà kò, tó tún sọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ń wá ojú ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀, dígí wà nínú yàrá."

Ìbátan náà kò dúró jẹun.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Láníyì fúnra rẹ̀ wọlé, ó fi igbà rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò lè wo ẹsẹ̀ tó gan náà. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti yẹ kí n ti wá kí yín. Ojú ló ń tì mí, torí àwọn ọ̀pẹ yín ni mo ń gùn jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo igbà yìí bóyá ó ṣì dáa."

Ọkùnrin náà gbà á. Ara igbà náà ń dán, ṣùgbọ́n nígbà tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó kan ibi tó ti ń jẹrà nínú. Ọ̀rọ̀ ìbátan rẹ̀ padà sọ sí i lọ́kàn. Bó bá ní ó dáa, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó wo ojú Láníyì títí. Ó rántí bí ilẹ̀ ṣe ń sáré bọ̀ wá pàdé òun lọ́jọ́ yẹn.

"Àwẹ̀ró, bá mi gbé àdá wá."

Láníyì sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà gé igbà náà sí méjì, ó jù ú sínú igbó ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé o fẹ́ sọ ìyàwó rẹ di opó ni? Lọ já ìtàkùn tútù wá fún mi, kí o jókòó wo bí wọ́n ṣe ń hun igbà!"

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń lọ́ ìtàkùn, wọ́n ń fà á le. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ nídìí àrò, ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Olúwa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn yìí náà lo tún dá padà?"

Láti ọjọ́ náà, àwọn akọ̀pẹ abúlé mìíràn náà ń wá. Ẹsẹ̀ kò ká, ṣùgbọ́n kò sí igbà tó ṣeé fọkàn tán ní gbogbo agbègbè náà àfi èyí tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jáde láti jó. Ẹsẹ̀ kan ń jó, èkejì ń gbálẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn kò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín. Ni Láníyì bá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà gan, ó ń jó bí i tirẹ̀. Àwọn akọ̀pẹ yòókù tò sẹ́yìn wọn. Nígbà tí bàbá ìjọ náà mú ẹsẹ̀ gan, ẹ̀rín sọ, ilé Ọlọ́run mì. Ijó yẹn ni wọ́n ń jó níbi ìkórè títí di òní, àlejò tó bá sì dé a máa béèrè irú àìsàn tó kọ lu gbogbo ìjọ náà lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ ohun tó gbé ọ wá sọ́dọ̀ mi lónìí. Omi gbé oko iṣu rẹ lọ, o sì ní o kò mọ ohun tí o fi ṣẹ Ọlọ́run. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, n kò sì rò pé o ṣẹ̀ ẹ́. Òjò rọ̀, odò kún ni. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ wá ọ̀tá tí o kò ní. Bí àdúrà bá wúwo lẹ́nu rẹ, jókòó ti ẹni tó ń gbà á. Má sì sọ pé ìgbà tí ohun tó lọ bá padà ni wàá tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, torí ohun mìíràn kì í padà. Nígbà tí Jésù Olúwa wa jí dìde, ojú ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ alápàá náà ló sì fi bọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ létí òkun.

Omi ti ń fà lórí oko rẹ. Mo ti gé ìtàkùn ọ̀dùnkún sílẹ̀ láti àná, nítorí ọ̀dùnkún kì í pẹ́ ta. Ọkọ́ méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Mú ọ̀kan, kí n mú ọ̀kan.