Àtẹ́rígbà Ilé Ọ̀jẹ́lékè

Obìnrin kan wà ní ìlú Àyégún tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ìkòkò ló ń mọ. Kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Amọ̀ dáradára tó wà létí odò wọn ló gbé e débẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì, Adéwọyin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó gba yàrá kan nílé Ọ̀jẹ́lékè, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún béèyàn bá ti gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Owó ilé ọdún kan gbáko ló san sílẹ̀, nítorí Ọ̀jẹ́lékè kì í gbà á ní díẹ̀díẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, Ọ̀jẹ́lékè onílé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kí wọ́n sáà máa kí òun ló fẹ́. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti ń retí ẹ̀ẹ̀kejì. Àga rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà iwájú, ibẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Òun fúnra rẹ̀ kì í gba ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, torí ẹ̀gbẹ́ yàrá rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wà, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á.

Nígbà òjò, ikán wọ igi àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà iwájú náà. Igi ọ̀hún kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tó yá, àwọn tó ga bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé. Kí iṣu tuntun tó dé, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé àyà ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó lè kọjá àfi kó bẹrẹ̀. Ògiri tó jókòó lé e lórí ti sán, ibi tó sán náà sì ti wọ inú yàrá Àwẹ̀ró, ó gba òkè ibi tí àwọn ọmọ ń gbórí sí kọjá.

Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti rí èyí ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ojú ọ̀run bá ṣú nígbà tó wà létí odò, á sọ amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, á sáré wálé tọwọ́ tẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, á sì kó àwọn ọmọ jáde síta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí òjò ò bá wá rọ̀, á tún padà lọ, á ṣì máa wo ojú ọ̀run. Àwọn ìkòkò tó ń mọ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Oníbàárà kan gbé ọ̀kan yẹ̀ wò, ó ní, "Ìyá, ìkòkò yìí mà ń wo ẹ̀gbẹ́ kan."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹni tó mọ ọ́n náà ń wo ẹ̀gbẹ́ kan."

Ó tọ Ọ̀jẹ́lékè lọ níbi tó jókòó sí. "Ẹ kú ìkàlẹ̀, Baba. Àtẹ́rígbà yẹn fẹ́ wó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe gbẹ́nàgbẹ́nà."

"Ìyá Adéwọyin, ta ló ń gba ibẹ̀ kọjá? Ṣé èmi ni? Ẹni tó ń lo nǹkan ló ń tún nǹkan ṣe. Bí mo bá yá ọ ní àdá, tí eékú rẹ̀ ṣẹ́ sọ́wọ́ rẹ, ṣé èmi ni n ó tún wá eékú mìíràn?"

"Baba, àdá ni mo yá, n kò yá ikán mọ́ ọn. Ikán yín ló jẹ igi yín. Ẹni tó ń gbowó ilé ló ń tún ilé ṣe."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á. Ẹni tó ń gbénú rẹ̀ ni, ẹni tó ni ín ni. Ikán kò sì dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan, ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, aláṣọ kan tó gbajúmọ̀ wá bá Àwẹ̀ró ra ìkòkò. Bí ọkùnrin yìí bá ń kí àgbàlagbà, ọwọ́ lásán ló ń jù sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kò mọ ìgbà tó ká ara rẹ̀ kò bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ ẹ̀kọ. Àwẹ̀ró gbọ́ tí Ọ̀jẹ́lékè ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ láti orí àga pé, "Ó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Dìde, dìde."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Àwẹ̀ró, kí inú tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó ti yé e wàyí. Bí gbogbo ayé ṣe ń bẹrẹ̀ wọlé, ìkíni ni bàbá yìí ń kà á sí!

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ kó tán. Màá sanwó igi, màá sanwó iṣẹ́."

Ọ̀jẹ́lékè fà sẹ́yìn. "Ilé mi ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi ilé mi."

"Ẹ̀yin ẹ ò tún un ṣe, ẹ ò sì jẹ́ kí èmi tún un ṣe. Baba, ilé tí mo ti sanwó rẹ̀, ilé mi ni títí ọjọ́ yóò fi pé. Nínú ilé ara mi, mò ń rìn bí ẹni tó jalè!"

"Ẹni tó bá bẹrẹ̀ kì í kú," ni Ọ̀jẹ́lékè wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ sáà máa bẹrẹ̀. Ọrùn rẹ ò ní ṣe nǹkan kan."

Àwẹ̀ró wọ yàrá lọ. Ó fa ẹní àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ògiri, ó tẹ́ ẹ sí igun kejì láàárín àwọn ìkòkò rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ sùn dáadáa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Baálẹ̀ fi Ọ̀jẹ́lékè joyè. Ní Àyégún, olóyè tuntun kò gbọdọ̀ tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìjoyè rẹ̀ àfi Baálẹ̀ nìkan, kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bó bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n ní oyè náà ti tẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìlú ló mọ èyí. Ó yani lẹ́nu pé Ọ̀jẹ́lékè kò ronú kàn án.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró sì ti sáré wálé; nígbà tí òjò dá ló kó àwọn ọmọ padà wọlé. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wà ní yàrá lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí èrò dé pẹ̀lú orin. Ọ̀tún Baálẹ̀, bàbá arúgbó, ló ṣáájú. Ọ̀jẹ́lékè wà láàárín, agbádá ńlá lọ́rùn, fìlà rẹ̀ ga fíofío.

"Olóyè, ó yá, ẹ wọlé," ni Ọ̀tún wí.

Ọ̀jẹ́lékè wo àtẹ́rígbà. Ó wo èrò lẹ́yìn. Orin dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ ń dúró dè?" ni Ọ̀tún bi í.

Ojú Ọ̀jẹ́lékè àti ojú Àwẹ̀ró ṣe mẹ́rin lábẹ́ igi náà. Àwẹ̀ró ní, "Baba, ẹ máa bẹrẹ̀ ni o. Ẹni tó bá bẹrẹ̀ kì í kú."

Ọ̀jẹ́lékè kò bẹrẹ̀. Ó ṣẹ́ orúnkún, ó lóṣòó, ó gbé àgbọ̀n sókè kí orí má baà tẹ̀, ó sì ń wọ́ wọlé bí pẹ́pẹ́yẹ. Ó kù díẹ̀ kó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ há sábẹ́ igi, ara lọ síwájú, ọrùn kò bá a lọ. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, kọ́ọ̀! Lẹ́sẹ̀ kan náà ni igi ṣẹ́. Àwẹ̀ró ti fò wọ yàrá, ó fa àwọn ọmọ méjèèjì lápá, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ògiri ti dà lulẹ̀ sórí ibi tí wọ́n ti ń sùn tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún.

Wọ́n fa Ọ̀jẹ́lékè yọ láàyè, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti wọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá kí i kú oríire oyè, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú wọn, tọmọdé tàgbà, bí ẹni tó ń kí wọn.

Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ní, "Olóyè, níbo lẹ ti fọrùn rọ́? Ṣé orí ọ̀pẹ ni?"

"Rárá."

"Ṣé ìjà ni?"

"N kò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Níbo wá ni?"

"Ilé mi ni mo wà."

Ọ̀tún, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, gbá ọwọ́ lu ọwọ́. "Mo ti rí ẹni tó fọrùn rọ́ lóko, mo ti rí ẹni tó fọrùn rọ́ lójú ogun. Ilé ara ẹni kẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọ̀jẹ́lékè ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró. Ó dé tòun ti ìkòkò lórí, ó nà ró ṣánṣán, torí kò sí àtẹ́rígbà mọ́.

"Ìyá Adéwọyin, jọ̀wọ́, bá mi pe gbẹ́nàgbẹ́nà."

"Ta ni yóò sanwó, Baba?"

Ọ̀jẹ́lékè fẹ́ mi orí, kò ṣeé ṣe. "Èmi ni."

"Kí wọ́n gbé e ga o, kí ẹ̀yin náà lè ráyè kọjá."

Ọ̀rọ̀ Ọ̀tún kò kúrò nílẹ̀ ní Àyégún. Bí onílé àti ayálégbé bá ti ń fa ọ̀rọ̀ àtúnṣe mọ́ ara wọn lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi ń làjà, títí ó fi bọ́ sẹ́nu gbogbo àgbà ilẹ̀ Yorùbá pé: a kì í gbélé ẹni ká fọrùn rọ́.